Owó Ẹ̀yìn Láptọ́ọ̀pù

Bí ẹ bá dúró níwájú ìsọ̀ kan ní Computer Village ní Ìkẹjà, ẹ ó gbọ́ gbogbo ohun tí àwọn oníbàárà ń béèrè kí wọ́n tó ra láptọ́ọ̀pù. RAM rẹ̀ jẹ́ mélòó? Ṣé SSD ló wà nínú rẹ̀? Bátìrì rẹ̀ ń lò tó wákàtí mélòó? Ṣé tuntun ni àbí tòkunbọ̀? Ìbéèrè gidi ni gbogbo wọn. Èyí tó ṣọ̀wọ́n láàárín wọn ni ti ihò: ihò mélòó ló wà létí rẹ̀, kí sì ni ihò kọ̀ọ̀kan lè ṣe? Ẹni tí kò béèrè ìyẹn, owó àkọ́kọ́ nìkan ló tíì san. Owó tó kù ń dúró dè é nílé, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní kíláàsì, àti lọ́jọ́ tí ó bá fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ han ọ̀gá rẹ̀ lára ògiri.

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí ó jẹ́ pé ọlọ́jà ló ń fún oníbàárà ní èènì. Báàgì, máòsì, nígbà mìíràn fúláàṣì kékeré kan, ẹ ó kó wọn mọ́ láptọ́ọ̀pù lọ sílé. Lóde òní, oníbàárà fúnra rẹ̀ ló ń wá èènì kún ọjà tó rà, kí ọjà náà tó lè ṣe iṣẹ́ tí ó tìtorí rẹ̀ rà á. Adápítọ̀ kan fún projector, òmíràn fún fúláàṣì, hub tí yóò kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ṣájà tí agbára rẹ̀ ká hub náà, wáyà tí ó lè gbé agbára ṣájà náà. Ọ̀kan ń bí èkejì.

Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kún fún ihò. VGA, tí IBM gbé jáde pẹ̀lú kọ̀ǹpútà PS/2 rẹ̀ ní ọdún 1987, ló ń gbé àwòrán lọ sí projector. Ihò wáyà íntánẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, ihò káàdì kámẹ́rà wà, ihò USB fífẹ̀ tí a ń ki fúláàṣì bọ̀ sì lè tó mẹ́ta. Àwọn ilé iṣẹ́ wá fẹ́ kí láptọ́ọ̀pù fẹ́lẹ́, ihò VGA àti ti íntánẹ́ẹ̀tì sì nípọn ju etí láptọ́ọ̀pù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, Intel àti AMD, pẹ̀lú Dell, Lenovo, Samsung àti LG, kéde pé àwọn yóò jáwọ́ nínú VGA nígbà tí ó bá fi máa di ọdún 2015. Àwọn projector tí wọ́n ti so mọ́ àjà gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn wa kò gbọ́ ìkéde náà. Projector kì í tètè kú. Bí gílóòbù rẹ̀ bá ṣì ń tàn, alága ìgbìmọ̀ wo ni yóò fọwọ́ sí owó òmíràn?

USB-C ni wọ́n fi rọ́pò gbogbo wọn. Ọdún 2014 ni ìlànà rẹ̀ jáde. Ihò kékeré ni, kò ní òkè, kò ní ìsàlẹ̀. Bó ti wù kí ẹ kọ orí wáyà náà sí i, yóò wọlé. Ó lè gbé iná, àwòrán àti fáìlì lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ ọgbọ́n ni, n kò ní bú u. Àmọ́ ní ọdún 2015, Apple ta MacBook kan tí kò ní ju ẹyọ USB-C kan lọ, pẹ̀lú ihò hẹ́dífóònù. Bí ṣájà bá ti wà nínú ihò yẹn, kò sí ibi tí ẹ ó ki fúláàṣì bọ̀, àfi kí ẹ tún ra nǹkan mìíràn.

Ọdún 2016 ni ọ̀rọ̀ náà di ariwo. Ní oṣù Kẹwàá, MacBook Pro tuntun jáde. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù, dọ́là 1,499, ní USB-C méjì. Àwọn ìyókù ní mẹ́rin. Ihò àwòrán HDMI ti lọ, ihò káàdì ti lọ, USB àtijọ́ ti lọ, ṣájà onímágínẹ́ẹ̀tì tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn gan-an náà ti lọ. Ohun tó wá pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín, tó sì tún bí wọn nínú, ni pé oṣù kan ṣáájú ni ilé iṣẹ́ kan náà gbé iPhone 7 jáde, orí USB àtijọ́ ló sì wà lẹ́nu wáyà tí wọ́n fi sínú páálí rẹ̀. Ẹni tó ra fóònù tuntun àti láptọ́ọ̀pù tuntun lọ́wọ́ ọlọ́jà kan ṣoṣo kò lè fi wáyà inú páálí so wọ́n pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀ fún ayafọ́tò kan ní Amẹ́ríkà lọ́dún náà. Adápítọ̀ fún fúláàṣì, dọ́là 19. Èyí tó ní HDMI, dọ́là 69. Ohun èlò SanDisk tó ń ka káàdì kámẹ́rà, 49. Wáyà tí yóò so iPhone mọ́ ọn, 25. Wáyà gígùn tí ṣájà fi ń dé ibi iná, tí ó ti máa ń wà nínú páálí tẹ́lẹ̀, wọ́n yọ ọ́, wọ́n ń tà á lọ́tọ̀ ní 19. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ dọ́là 181, ó ju ìdá kan nínú mẹ́wàá owó láptọ́ọ̀pù náà lọ, kò sì sí èyíkéyìí nínú rẹ̀ tó ṣe ohun tí láptọ́ọ̀pù àtijọ́ rẹ̀ kò ṣe tẹ́lẹ̀. Ó san 181 kí ó lè wà níbi tó wà lánàá. Ariwo náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Apple fi dín owó àwọn adápítọ̀ kù fún ìgbà díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá: ti 19 di 9, ti 69 di 49. Lójú tèmi, ìdínkù yẹn jẹ́ ìjẹ́wọ́ ju ìwé ìròyìn èyíkéyìí lọ. Nígbà tó sì di oṣù Kẹwàá ọdún 2021, HDMI, ihò káàdì àti ṣájà onímágínẹ́ẹ̀tì padà sára MacBook Pro. Ọdún márùn-ún gbáko ni àwọn oníbàárà fi ra ohun tí Apple tún padà wá fi sí i.

Ọ̀rọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà ti ọdún 2016 kàn wá, nítorí láptọ́ọ̀pù ìgbà náà ló wà lórí tábìlì tòkunbọ̀ lọ́dọ̀ wa báyìí, pẹ̀lú àwọn Dell, HP àti Lenovo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tọ ọ̀nà kan náà. Ẹni tó kọ́kọ́ rà á ní London tàbí ní Houston ra adápítọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tó ń ta láptọ́ọ̀pù náà, adápítọ̀ kò bá a lọ. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ níbì kan títí dòní. Ilé iṣẹ́ tó bá pààrọ̀ láptọ́ọ̀pù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ a máa fi dock, ìyẹn hub ńlá tí kì í kúrò lórí tábìlì, sílẹ̀. Ohun tó ń gúnlẹ̀ sí èbúté ni ara láptọ́ọ̀pù lásán, pẹ̀lú ṣájà tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó ti wá. Bí ó bá jẹ́ pé ti Amẹ́ríkà ni orí ṣájà náà, ẹ ó tún ra orí kékeré tí yóò bá ihò onírin mẹ́ta wa mu. Ìyẹn kò wọ́n, ẹ jẹ́ kí á fi í sílẹ̀.

Iná ni owó tó fara pamọ́ jù. Ṣájà USB-C àti láptọ́ọ̀pù máa ń dúnàádúrà kí iná tó kọjá. Ṣájà a ka ohun tó wà ní ọwọ́ rẹ̀: fóòtì 5, 9, 15, 20, láptọ́ọ̀pù a mú èyí tí ó fẹ́. Wáyà tó wà láàárín wọn náà ní ohùn nínú ọ̀rọ̀ náà. Wáyà USB-C lásán kò gbọdọ̀ gbé ju ámpù 3 lọ, èyí tí í ṣe wáàtì 60 ní fóòtì 20. Bí yóò bá gbé ámpù 5, ó gbọ́dọ̀ ní chip kékeré kan nínú orí rẹ̀ tí yóò sọ fún ṣájà pé òun lè gbé e. Bí chip yẹn kò bá sí, ṣájà wáàtì 100 tí ẹ fi owó gidi rà yóò máa fún yín ní 60, kò sì sí iná pupa kankan tí yóò tàn láti kìlọ̀ fún yín.

Ẹ wá fi hub sáàárín. Hub náà ń jẹun. Èyí tó ní HDMI, USB mẹ́ta àti ihò íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń ya nǹkan bíi wáàtì 15 sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀ àti fún ohun tí ẹ bá so mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí a fi ń rí hub tí wọ́n kọ 100 sí lára, tó sì jẹ́ pé 85 ló ń dé inú láptọ́ọ̀pù. Bí láptọ́ọ̀pù yín bá ń fẹ́ 65, tí ṣájà rẹ̀ jẹ́ 65, ọjọ́ tí ẹ bá fi irú hub bẹ́ẹ̀ sí àárín wọn ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rí 50. Àmì ṣájà yóò hàn lójú rẹ̀, bátìrì yóò sì máa rọra lọ sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá wúwo. Láptọ́ọ̀pù mìíràn yóò dín iyára ara rẹ̀ kù kí iná náà lè tó o. Olówó rẹ̀ á sọ pé bátìrì ti kú, á gbé e lọ fún àwọn alátùn-únṣe, wọ́n á sì bá a pààrọ̀ bátìrì tí kò ṣe nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni owó hub ṣe di owó hub, owó ṣájà tó tóbi sí i, owó wáyà tó ní chip, àti nígbà mìíràn owó bátìrì.

Ilẹ̀ wa tún fi tirẹ̀ kún un. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì. Dock orí tábìlì kò ní. Bí NEPA bá mú iná lọ, láptọ́ọ̀pù yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, àmọ́ díìsìkì ìta, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì àti mọ́nítọ̀ tó wà lára dock yóò já pa pọ̀. Díìsìkì tó bá já nígbà tí fáìlì ń wọ inú rẹ̀ lè ba fáìlì náà jẹ́, ó sì lè ba ju ọ̀kan lọ jẹ́. Àwọn hub tí ń gba iná láti ara ṣájà kò yàtọ̀ púpọ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kú fún ìṣẹ́jú àáyá kan kí wọ́n tó yí sí iná inú láptọ́ọ̀pù, ìṣẹ́jú àáyá kan yẹn sì ti tó láti já díìsìkì. Ní Jámánì, ẹni tó ra dock lè gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí. Ní Ìbàdàn, ẹ fi UPS kékeré kan kún owó dock náà, tàbí kí ẹ so díìsìkì yín mọ́ ara láptọ́ọ̀pù tààrà.

Ó tọ́ kí n sọ ire rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣájà USB-C kan lè sin láptọ́ọ̀pù, fóònù àti hẹ́dífóònù. Powerbank tó lágbára lè gbé láptọ́ọ̀pù títí iná yóò fi dé, ohun tí ṣájà onírin róbótó ti àtijọ́ kò jẹ́ kó rọrùn. Mo mọ àwọn tí ìyẹn nìkan tó wọn láti gba USB-C tọwọ́tẹsẹ̀, wọn kò sì jẹ̀bi.

Ti àwòrán ló kàn. Inú USB-C ni ọ̀nà mẹ́rin tí ohun tó yára ń gbà wà. Bí àwòrán bá gba méjì, fáìlì a gba méjì tó kù. Bí àwòrán bá gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, fáìlì a padà sí ọ̀nà ìgbà àtijọ́, ti USB 2, tí kò ju mẹ́gábíìtì 480 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó ń ṣe hub olówó pọ́ọ́kú gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan du èkejì, kì í sì í sọ èyí tó fi dù ú fún yín. Lára páálí rẹ̀, ẹ ó rí "4K" ní lẹ́tà gàdàgbà, ẹ ó sì rí "30Hz" ní lẹ́tà tó kéré bí ojú èèrà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìgbà 30 ni àwòrán ń yí ní ìṣẹ́jú àáyá kan dípò 60. Fún projector ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí wàhálà, nítorí ọ̀pọ̀ projector bẹ́ẹ̀ kò tilẹ̀ dé 4K. Fún ẹni tó jókòó síwájú mọ́nítọ̀ 4K láti àárọ̀ di alẹ́, ọfà máòsì yóò máa wọ́ lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ yóò sì máa rẹ̀ ẹ́ láìmọ ohun tó fà á.

VGA kì í gbé ohùn. Ẹni tó fi HDMI han fíìmù lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó wá dé gbọ̀ngàn tó jẹ́ VGA nìkan ló wà níbẹ̀, yóò rí àwòrán, kò sì ní gbọ́ nǹkan kan láti ara ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àfi bí ó bá mú wáyà ohùn dání láti ihò hẹ́dífóònù.

Ohun kan wà tí adápítọ̀ kò lè ṣe láé, bó ti wù kó wọ́n tó: kò lè fún láptọ́ọ̀pù ní agbára tí kò sí nínú rẹ̀. Nígbà tí Apple bẹ̀rẹ̀ sí í fi chip tirẹ̀, M1, sínú láptọ́ọ̀pù ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, MacBook Air àti MacBook Pro kékeré rẹ̀ kò lè gbé ju mọ́nítọ̀ ìta kan ṣoṣo lọ. Ohun kan náà ni ti M2 tó tẹ̀lé e. Àwọn tó ti ní mọ́nítọ̀ méjì lórí tábìlì ra dock tó ní HDMI méjì, wọ́n so ó mọ́ ọn, àwòrán kan náà ló jáde lójú mọ́nítọ̀ méjèèjì. Ọ̀nà àbáyọ wà, orúkọ rẹ̀ ni DisplayLink: sọ́fítíwià yóò ya àwòrán kejì, yóò rán an gba ọ̀nà fáìlì, chip inú dock yóò sì tú u sójú mọ́nítọ̀. Owó rẹ̀ ńkọ́? Dock tó ní chip yẹn wọ́n ju èyí tí kò ní in lọ. Sọ́fítíwià náà ń jẹ nínú agbára kọ̀ǹpútà. Lórí Mac, ẹ gbọ́dọ̀ fún un láṣẹ láti máa wo gbogbo ohun tó wà lójú ẹ̀rọ yín. Fíìmù orí Netflix a sì máa ṣókùnkùn lórí rẹ̀, nítorí ààbò tí wọ́n fi sára fíìmù kò gbà kí ohunkóhun yà á. MacBook Air M3 ti ọdún 2024 lè gbé mọ́nítọ̀ méjì, bí ẹ bá pa ìdérí láptọ́ọ̀pù dé. Ẹni tó ra M1 tòkunbọ̀ nítorí pé owó rẹ̀ rọjú gbọ́dọ̀ mọ èyí kí ó tó sanwó fún dock.

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ihò USB-C. Ọ̀kan ń gbé fáìlì nìkan. Òmíràn ń gbé fáìlì àti iná, kò lè gbé àwòrán. Òmíràn jẹ́ Thunderbolt, tí ó lè gbé gígábíìtì 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ilé iṣẹ́ tó bá ní ojú àánú a ya mànàmáná kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó jẹ́ Thunderbolt; ọ̀pọ̀ kì í ya nǹkan kan. Nínú àwọn dock Thunderbolt 3 tó wà lórí tábìlì tòkunbọ̀, ọ̀pọ̀ ló wà tí kò ní mọ láptọ́ọ̀pù tí kò ní Thunderbolt rárá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, orí wáyà rẹ̀ yóò wọ inú ihò náà wẹ́rẹ́. Wáyà tó bá fóònù wá náà kò yàtọ̀: ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn jẹ́ USB 2. Ó ń gbé iná dáadáa, kò sì ní gbé àwòrán láéláé. Ẹni tó fi í so mọ́nítọ̀ mọ́ láptọ́ọ̀pù, tí òkùnkùn sì jáde, yóò kọ́kọ́ bú mọ́nítọ̀.

Ti wáyà burúkú kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyára nìkan. Ní ọdún 2015, ẹnjiníà Google kan, Benson Leung, bẹ̀rẹ̀ sí í ra oríṣiríṣi wáyà USB-C lórí Amazon, ó ń yẹ̀ wọ́n wò, ó sì ń kọ ohun tó rí fún aráyé. Àṣìṣe tó rí jù wà nínú wáyà tó ní USB àtijọ́ lápá kan àti USB-C lápá kejì: àwọn tó ṣe é ti fi èyí tí kò yẹ sí ibi tí ó yẹ kí wọ́n fi résísítọ̀ 56 kílóóhmù sí, wáyà náà sì ń jẹ́ kí ẹ̀rọ fa iná ju ohun tí ṣájà lè fún un lọ. Ní oṣù Kejì ọdún 2016, ó so wáyà kan tí wọ́n ti tò okùn inú rẹ̀ ní ìtòkutò, láptọ́ọ̀pù Chromebook Pixel tó fi ń ṣe àyẹ̀wò bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ní ọdún náà ni Amazon fi òfin de wáyà USB-C tí kò bá ìlànà mu. Òfin Amazon kò dé orí kẹ̀kẹ́ ẹrù lábẹ́ bíríìjì.

Ọ̀rọ̀ máòsì fẹ́ẹ̀ jọ àwàdà. Ìgbà gbogbo ni àwọn ènìyàn ń ṣàròyé pé láti ìgbà tí wọ́n ti ra hub, máòsì aláìnókùn wọn ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Wọ́n ń pààrọ̀ bátìrì rẹ̀, wọ́n ń pààrọ̀ máòsì fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2012, Intel tẹ ìwé kan jáde tó fi hàn pé USB 3 ń sọ ariwo sínú afẹ́fẹ́ lórí ìgbì 2.4 gígáháàsì, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ máòsì aláìnókùn àti Wi-Fi ti ń sọ̀rọ̀. Bí orí USB kékeré tó ń gba ohùn máòsì bá wà lára hub, lẹ́gbẹ̀ẹ́ díìsìkì tó ń ṣiṣẹ́, ariwo bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wáyà USB kúkúrú kan tí yóò gbé e jìnnà díẹ̀ ti tó. Owó kékeré ni, àmọ́ ó ń wá lẹ́yìn owó máòsì tí kò yẹ kí a ná.

Fún ilé iṣẹ́, ìṣòro náà tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dock tí wọ́n ṣe fún ìdílé láptọ́ọ̀pù kan kì í sábà bá ìdílé mìíràn lọ. Títí dé T470, ìsàlẹ̀ ni ThinkPad T ti Lenovo fi ń jókòó lé dock. Ní ọdún 2018, pẹ̀lú T480, wọ́n gbé ihò dock lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ilé iṣẹ́ tó bá ní ogójì dock ti àtijọ́, tó wá ra ogójì láptọ́ọ̀pù tuntun, ti di olówó ogójì páálí ike. Ó yẹ kí àwọn dock USB-C ti yanjú ìyẹn, wọ́n sì yanjú rẹ̀ dé àyè kan. Síbẹ̀, Dell WD19 ń fún láptọ́ọ̀pù Dell ní wáàtì 130, ó sì ń fún ti ẹlòmíràn ní 90. Ọmọ onílé ń jẹun yó, àlejò ń jẹ ìwọ̀nba. Ẹni tó ń kọ ìwé ìnáwó ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ dock, ṣájà àti wáyà sí ìlà kan náà pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù. Ní ibi tí wọ́n bá ti kọ láptọ́ọ̀pù nìkan, ẹ ó rí i pé owó "àwọn nǹkan kéékèèké" yóò ga ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà.

Ihò fúnra rẹ̀ ń gbó. Ìlànà USB-C ní kí ihò lè gba ìkìbọ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, àmọ́ ìkìbọ̀ jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ṣe ìdánwò yẹn. Hub tó so rọ̀ létí láptọ́ọ̀pù, tí wáyà HDMI líle ń fà á sísàlẹ̀, ń ṣẹ́ ihò náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin wà, èyí tó bàjẹ́ kò dí yín lọ́wọ́. Nígbà tó bá jẹ́ pé méjì péré ló wà, tí ṣájà àti projector jọ ń du wọ́n, èyí tó kú ti mú ìdajì láptọ́ọ̀pù lọ. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, ara bọ́ọ̀dù ńlá ni wọ́n jó ihò náà mọ́. Àwọn ọmọ wa tó ń fi iná tún bọ́ọ̀dù ṣe mọ iṣẹ́ náà, wọ́n sì mọ iye tí wọn yóò gbà fún un. Ilé iṣẹ́ Framework ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta láptọ́ọ̀pù kan ní ọdún 2021 tí ihò rẹ̀ ṣe é yọ: ẹ lè yọ USB-C kí ẹ fi HDMI sí i, ẹ lè yọ èyí tó gbó kí ẹ ra tuntun. Èmi rò pé ìyẹn ló gbọ́n jù nínú gbogbo wọn, àmọ́ tòkunbọ̀ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n lọ́jà wa.

Òfin pẹ̀lú ti fi tirẹ̀ kún un. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti sọ USB-C di dandan fún fóònù láti ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ó sì fi ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2026 ṣe ti láptọ́ọ̀pù. Ire rẹ̀ ni pé ṣájà yóò bára wọn mu. Ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ ni pé òfin kan náà sọ pé oníbàárà gbọ́dọ̀ lè yàn láti ra ẹ̀rọ láìsí ṣájà. Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n bá rà bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ wa lọ́jọ́ iwájú gẹ́gẹ́ bí tòkunbọ̀ tí kò ní ṣájà rí.

Báwo ni ènìyàn ṣe ń rà á, nígbà náà? Ẹ ronú nípa ọ̀sẹ̀ kan nínú iṣẹ́ yín, kí ẹ sì kọ gbogbo ohun tí ẹ so mọ́ láptọ́ọ̀pù yín láàárín ọ̀sẹ̀ náà sílẹ̀, títí kan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ẹ yá lò. Ẹ fi owó adápítọ̀, ṣájà àti wáyà kún owó láptọ́ọ̀pù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wù yín, kí ẹ wá fi àpapọ̀ rẹ̀ wé owó èyí tó nípọn díẹ̀ tí ihò rẹ̀ pé. Fún olùkọ́, fún ẹni tó ń mójú tó projector ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, fún ayafọ́tò àti ẹni tó ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, èyí tó nípọn ló máa ń borí, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà lé e. Ẹni tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí kì í so nǹkan kan mọ́ láptọ́ọ̀pù ju ṣájà lọ, kó ra èyí tó fẹ́lẹ́, kó sì gbádùn rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ ra hub, ẹ má wo iye ihò rẹ̀ nìkan. Ẹ wá wáàtì tó ń dé inú láptọ́ọ̀pù, ẹ wá 60Hz lẹ́gbẹ̀ẹ́ 4K, ẹ sì ra èyí tó ní wáyà kúkúrú dípò èyí tí a ń kì bọ ihò tààrà.

Kí ẹ tó na owó sílẹ̀, ẹ kó fúláàṣì yín, wáyà HDMI yín, ṣájà àti díìsìkì yín lọ sí ìsọ̀ náà, ẹ so gbogbo rẹ̀ mọ́ ọn pa pọ̀, kí ẹ sì wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá bóyá bátìrì ń gòkè àbí ó ń sọ̀kalẹ̀. Ẹ dúnàádúrà adápítọ̀ mọ́ owó láptọ́ọ̀pù níbẹ̀, nígbà tí owó ṣì wà lápò yín. Bí ọlọ́jà bá ní kò sí àyè fún irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, ẹ má sanwó fún un.